Ráútà tó ń rojọ́ fún àlejò

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi ní ọ́fíìsì oníbàárà kan, mo tẹ ìlà kan ṣoṣo:

snmpwalk -v2c -c public 192.168.1.20

Kíá ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: orúkọ rẹ̀, yàrá tó wà, iye ìwé tó ti tẹ̀, bí íńkì ṣe kù sí. Ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wá bi ráútà wọn, 192.168.1.1, ní ìbéèrè kan náà. Àdírẹ́sì gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn ń jáde wẹẹrẹ. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọ̀gá.

SNMP lorúkọ èdè tí àwọn ẹ̀rọ náà ń sọ, ó ti wà láti 1988. Alámòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì á béèrè ní pọ́ọ̀tì 161, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́ ìbéèrè, ẹ̀rọ á fèsì. Nọ́ńbà tó pẹ̀ka bí igi ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. 1.3.6.1.2.1.1.3.0 ń béèrè bó ti pẹ́ tó tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ láìkú. (Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn o: tó bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ 497, òǹkà náà á kún, á padà sí òdo, ẹ ó máa bú àwọn oníná lásán.) Ẹni tí kò lè há nọ́ńbà sórí, kó lo MIB browser, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di orúkọ.

"public" yẹn gan-an ni wàhálà. Òun ni páásíwọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbé bọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. "Private" ni wọ́n sábà fi ń yí ètò inú rẹ̀ padà. Kódà bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ẹ̀dà 1 àti 2c ti SNMP kì í fi páásíwọ́ọ̀dù náà pa mọ́. Ẹni tó bá ń yọjú wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á kà á ketekete.

Ẹ̀dà 3 ni kí ẹ lò, lórí authPriv: kọ́kọ́rọ́ kan ń fi ẹni tó ń béèrè hàn, èkejì ń ti ọ̀rọ̀ náà pa. noAuthNoPriv wà nínú ẹ̀dà 3 kan náà, àmọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ráútà dá kọ̀ǹpútà alámòójútó nìkan lóhùn, kí ẹ sì dí pọ́ọ̀tì 161 lápá íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbọ́ ju 2c lọ, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣe é kà nìkan.

Ní ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, mo kúkú pa SNMP rẹ̀. Ráútà gba ẹ̀dà 3. Mo tún irú ìlà àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀ sí ráútà náà, a sì jókòó, èmi àti ọ̀gá, à ń wojú kọ̀ǹpútà títí ó fi kọ ọ́ síta:

Timeout: No Response from 192.168.1.1