Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ti Rọ́gbì Àwọn Obìnrin, Ọdún 2023

Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ti rọ́gbì àwọn obìnrin ní ọdún 2023 wáyé láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Wélsì, Skọ́tlándì, Itálíà àti Irẹ́lándì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn márààrún, àṣeyọrí tí àwọn eléré rọ́gbì ń pè ní Grand Slam, ó sì jẹ́ ìgbà karùn-ún léraléra tí ife náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí láti ọdún 2019 kò sí ikọ̀ mìíràn tó gbà á.

Ọdún 1996 ni wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀ láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì, Wélsì àti Irẹ́lándì. Faransé wọlé ní ọdún 1999, Itálíà sì gba ipò Spéìn ní ọdún 2007. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àsìkò kan náà ni wọ́n ń gbá a pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ya oṣù tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, èyí sì ṣe pàtàkì, torí pé àwọn òǹwòran wá ráyè wò ó fún ara rẹ̀.

Ọgbẹ́ ṣì wà lára àwọn ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìdíje yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní pápá Eden Park ní ìlú Auckland, New Zealand fi àmì 34 sí 31 gba Ife Àgbáyé mọ́ wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti borí nígbà 30 láìfìdírẹmi. Simon Middleton, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ti kéde pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ìdíje ọdún 2023 bá ti parí. Sarah Hunter, balógun ikọ̀, kò dúró títí di ìparí: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Skọ́tlándì, ní Kingston Park ní ìlú Newcastle tó wà nítòsí ilé rẹ̀, ló fi dágbére, ìyẹn sì ni ìgbà 141 tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí pẹ̀lú 58 sí 7. Marlie Packer, tó gba ipò balógun lẹ́yìn rẹ̀, gba trái (kí eléré gbé bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò) mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ náà.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdíje nínú: 68 sí 5 pẹ̀lú Itálíà, 59 sí 3 pẹ̀lú Wélsì ní Cardiff, 48 sí 0 pẹ̀lú Irẹ́lándì ní Cork. Kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan ló fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2019 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún, nígbà tí Wélsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn obìnrin 12 ní irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Èrè rẹ̀ sì yá fún Wélsì: wọ́n na Irẹ́lándì ní 31 sí 5, Skọ́tlándì ní 34 sí 22, àti Itálíà ní 36 sí 10, wọ́n sì ṣe ipò kẹta.

Faransé náà borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nítorí náà ọjọ́ tó kẹ́yìn ló máa sọ ẹni tí yóò gba ife. Pápá Twickenham ní Lọ́ńdọ̀nù ni Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé, òǹwòran 58,498 ló sì wá. Kò tíì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rọ́gbì àwọn obìnrin tó kó èrò tó bẹ́ẹ̀ jọ rí títí di ọjọ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ ni 42,579 tó wo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n pàdánù ní Eden Park. Nígbà tí ìlàjì àkọ́kọ́ fi parí, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àmì 33, Faransé kò ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá kúrò ní pápá nígbà yẹn kò rí ohun tó dára jù nínú ìdíje náà. Faransé padà wọlé bí ẹni pé eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba àmì 33 nínú ìlàjì kejì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rí 5 péré. Àmì 5 yìí gan-an ló yọ wọ́n: 38 sí 33. Ọjọ́ náà ni Jessy Trémoulière ti Faransé, ẹni tí World Rugby, àjọ tó ń ṣàkóso rọ́gbì lágbàáyé, pè ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù fún ẹ̀wádún, fi eré rọ́gbì ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀.

Skọ́tlándì ti pàdánù nígbà 12 léraléra kí wọ́n tó fi 29 sí 21 borí Itálíà ní Edinburgh, lẹ́yìn náà ni wọ́n na Irẹ́lándì ní 36 sí 10, tí wọ́n sì ṣe ipò kẹrin. Itálíà ṣe ìkarùn-ún. Irẹ́lándì kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn Greg McWilliams sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ikọ̀ yìí kan náà ló ti pinnu, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, láti pa ṣòkòtò funfun tì kí wọ́n sì máa wọ aláwọ̀ búlúù dúdú, kí ìbẹ̀rù nǹkan oṣù má bàa dí àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Ipò tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ló pinnu ìpele tí wọ́n máa bọ́ sí nínú WXV, ìdíje tuntun onípele mẹ́ta fún àwọn ikọ̀ obìnrin àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Wélsì lọ sí ìpele kìíní ní New Zealand. Skọ́tlándì lọ sí ìkejì ní South Africa, Itálíà náà sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n borí Spéìn. Irẹ́lándì bọ́ sí ìkẹta ní Dubai, àwọn ló sì gba ife ìpele náà.