Bí ètò ìtọ́jú ẹni tí iyè rẹ̀ ń rà ṣe ń rìn nínú ilé

Ilé ìwòsàn ni ètò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo arúgbó tó ń gbàgbé ni àìsàn iyè rírà, tí òyìnbó ń pè ní dementia, ń ṣe. Kòkòrò inú ìtọ̀, àìmu omi tó, àìtó fítámì B12, ìbànújẹ́ tó ti pẹ́ lọ́kàn, àní Piriton tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè rí oorun sùn, gbogbo wọn lè da orí àgbàlagbà rú, wọ́n sì ṣeé wò. Ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ gan-an, ilé ìwòsàn Àró wà ní Abẹ́òkúta. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé Alzheimer, irú iyè rírà tó wọ́pọ̀ jù, kò mú àwọn àgbàlagbà Yorùbá tó bó ṣe ń mú àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ó ń mú wọn. Ìyá arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru kò jẹ́wọ́ àjẹ́ kankan. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Bí dókítà bá ti sọ ohun tó ń ṣe Màmá, ìwé ló kàn. Ìwé ọmọ ilé ìwé lásán tó. Inú rẹ̀ ni a ó kọ oríkì wọn sí, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé bàbá wọn, orúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, òkú àti alààyè, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, aago tí wọ́n máa ń jí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn, ohun tí wọn kì í jẹ, ohun tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù, bí wọ́n ṣe máa ń wẹ̀. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn wọn. Ti ìgbà èwe ló ń pẹ́ jù. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó nìkan kọ́ ni a ó bi. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, kan náà mọ ohun tí ọmọ inú wọn kò mọ̀: orin tí wọ́n jọ kọ, aṣọ tí wọ́n jọ dá, orúkọ ìnagijẹ.

Èdè pàápàá ń padà sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́kọ́ lọ, kí Yorùbá ilé ìwé náà wá máa fà sẹ́yìn, kó ku Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí wọ́n fi ẹnu sọ ní kékeré. Olùtọ́jú tó wá láti ibòmíràn yóò ní wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, nígbà tó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń bèèrè. Bí ẹni méjì bá wá fún iṣẹ́ náà, tí ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí, tí èkejì sì ní sùúrù tó sì gbọ́ èdè wọn, ẹnì kejì yìí ni ká mú. Ìyókù ṣeé kọ́.

Inú ìwé yẹn ni ètò ojúmọ́ ti ń jáde. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ta obì ní Ṣàgámù, tó ń jí ní aago márùn-ún, kò ní sùn di mẹ́jọ nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí, kí wọ́n bó obì díẹ̀ tàbí kí wọ́n já ẹ̀fọ́. Kò di dandan kó wúlò fún ọbẹ̀. Kí iṣẹ́ máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà lójoojúmọ́ ló ṣe pàtàkì: ara ń rántí ohun tí ọkàn ti gbàgbé.

Ìwẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Òtútù ń mú wọn, ojú ń tì wọ́n láti tú aṣọ níwájú ọmọdé, omi tó ń dà sí wọn lórí ń já wọn láyà, wọn kò sì rántí ohun tó kàn lẹ́yìn ọṣẹ. Kí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ kí a tó pè wọ́n. A ó fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀, a ó gbé àga lé e. Wọ́n á ró ìró mọ́ àyà, abẹ́ ìró náà ni a ó ti máa fọ ara wọn. Ẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Orí ló ń kẹ́yìn, a tilẹ̀ lè fi í di ọjọ́ mìíràn. Kí kànìnkàn kan wà lọ́wọ́ tiwọn. Gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ na ọwọ́ yín," kí a dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kí a tó tún un sọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ká fi wọ́n sílẹ̀, ká padà wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwẹ̀ gidi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, bí a bá ń nu ojú, abíyá àti ojú ara lójoojúmọ́. Àwọn ẹbí yóò pariwo pé àwọn kò fi Màmá sínú ìdọ̀tí rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Ní ti oúnjẹ, gàrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù rẹ, tí a da ẹ̀pà sí, léwu gan-an fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, nítorí omi ń ṣáájú, èyí tó le ń kù lẹ́nu, wọ́n á sì gbà á sọ́nà ọ̀fun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kọ mímu tó ki sàn jù. Ìkọ́kọrẹ́ rọ̀, ó dára, bí a bá ti yọ gbogbo egungun ẹja kúrò. Kí wọ́n jókòó gan-an jẹun, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Òǹgbẹ kì í sábà gbẹ wọ́n mọ́, nítorí náà àwa ni yóò máa gbé ife omi lé wọn lọ́wọ́, bí ife mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n dín in kù. Wákàtí méjì-méjì ni ká máa mú wọn lọ tọ̀. Ká má bi wọ́n pé ṣé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, ká kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ẹ̀yìn."

Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yí padà. Wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n, òjìji sì ń dà bí ènìyàn lójú wọn. Kí iná tí a ń ṣájì ti wà ní títàn kí ilẹ̀ tó ṣú, ká má dúró de ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Àríyànjiyàn kò ṣiṣẹ́. Ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi, ìtọ̀ tàbí ìrora ni, lẹ́yìn náà ká bá wọn rìn yí ọgbà ká. Bí wọ́n bá bèèrè ìyá wọn tó ti kú tipẹ́, ká má túfọ̀ rẹ̀ fún wọn, nítorí ẹkún tuntun ni yóò jẹ́ nígbàkúùgbà. "Kí ni Ìyá máa ń sè fún yín?" ti tó.

Ká bo kànga, ká pa gáàsì láti orí sílíńdà, ká rán nọ́ńbà fóònù mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ wọn. Kí àwọn aládùúgbò àti ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta mọ ojú wọn, pàápàá ní Ṣàgámù tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jìnnà.

Oògùn, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún wọn, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn líle tí a fi ń mú wọn dákẹ́ lè fa àrùn rọpárọsẹ̀, nítorí náà dókítà nìkan ló lè ní kí a lò ó, fún ìgbà díẹ̀. Bí orí wọn bá dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, iyè rírà nìkan kọ́. Òun kì í sáré bẹ́ẹ̀. Ibà, kòkòrò inú ìtọ̀, àìlèyàgbẹ́, oògùn tuntun tàbí ìṣubú ni ká wá, kíákíá.

Ètò tó dára jù ń fọ́ nígbà Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ọmọ bá dé tí ilé kún. Kí yàrá kan wà tí kò sí ariwo níbẹ̀, kí wọ́n máa wọlé kí wọn ní méjì-méjì, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Kí olúkúlùkù kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá tó bí i.