Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú òfin ìwà ọ̀daràn: kí ló ń mú kí aráàlú pa òfin mọ́?

Bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ìdí tí wọn kì í fi í jalè. Díẹ̀ ni yóò dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Wọ́n á ní olè jíjà kò dára ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú òfin ìwà ọ̀daràn ni kí aráàlú gbà lọ́kàn pé ohun tí òfin pè ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lóòótọ́, àti pé ìyà tó ń fi jẹni kò ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ.

Ní 1984, Tom Tyler, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará Chicago 1,575 lẹ́nu wò. Ó rí i pé ìgbàgbọ́ pé aláṣẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ lágbára ju ìbẹ̀rù ìyà lọ. Kì í sì í ṣe ẹni tí ẹjọ́ gbè nìkan ló máa ń nígbàgbọ́ yìí. Ẹni tó jẹ̀bi pàápàá lè fara mọ́ ìdájọ́, bí wọ́n bá jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀, tí wọn kò ṣojúsàájú, tí wọn kò sì wọ́ ọ nílẹ̀. Lójú tèmi, ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà: ọlọ́pàá tó bá ń bú ènìyàn ní gbangba ń ba òfin jẹ́ lójú gbogbo ẹni tó ń wò ó.

Bí òfin bá le ju ohun tí ẹ̀rí-ọkàn gbà lọ ńkọ́? Ní England, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ikú ni òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó bá jí ẹrù tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé. Àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti sọ ẹni tó jẹ̀bi a máa mọ̀ọ́mọ̀ ní ṣílè 39 ni ẹrù náà, kí wọ́n má baà so olè náà kọ́. Àwọn tó ti búra ni o!

Paul Robinson, amòfin, àti John Darley, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé àìgbẹ́kẹ̀lé kì í mọ sórí òfin kan. Ẹni tí òfin bá já kulẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó yé e, kò ní fọkàn tán an nínú èyí tí kò yé e. Kò ní fẹ́ jẹ́rìí, kò ní fi ọ̀daràn tó rí sùn.

Èyí kò ní kí òfin máa tẹ̀lé èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáá, torí ọ̀pọ̀ lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n òfin tí aráàlú ti fọkàn tán ló lè sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkọ máa lu aya, tàbí kí èèyàn mutí yó kó sì wakọ̀, kí wọ́n sì gbọ́.