Ìdí tí funfun ara àdìrẹ fi ń funfun ju bó ṣe jẹ́ lọ

Bí ẹ bá na àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n pa láró dáadáa sílẹ̀ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ ó rí ọnà funfun lórí aṣọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ wá lu ihò kékeré sí bébà funfun kan, kí ẹ gbé ihò náà lé ojú ọnà yẹn gan-an, tí aró dúdú kò fi ní hàn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó bá nínú ihò náà, nítorí pé ẹ̀kọ láfún tí aládìrẹ fi ya ọnà kì í dènà aró pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò léraléra. Aró dúdú tí ó yí i ká ló mú kí ojú kà á sí funfun. Bébà tí ó funfun lóòótọ́ ló sì tú u fó.

Simultaneous contrast ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí, a sì lè pè é ní ìfiwéra àwọ̀ alámùúlégbè. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé tí ó di olórí ẹ̀ka aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris ní ọdún 1824, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1839. Wọ́n ń ráhùn sí i pé òwú dúdú rẹ̀ kò dúdú tó. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sí àléébù lára aró náà; àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ àlùkò tí wọ́n hun mọ́ ọn ni kò jẹ́ kí dúdú rẹ̀ hàn.

Èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń pe èyí ní ẹ̀tàn. Aṣọ dúdú tí aláró sá sínú oòrùn ọ̀sán ń ta ìmọ́lẹ̀ sí wa lójú ju aṣọ funfun inú yàrá lọ, síbẹ̀ dúdú la rí i, nítorí pé ojú kì í wọn ìmọ́lẹ̀; ohun kan ló fi ń wé èkejì, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, a kì bá tí mọ aṣọ kan náà mọ́ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́.

Etí náà ní irú iṣẹ́ yìí. Bí ohùn ọkùnrin bá ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró 200, 300, 400 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ máa ń bá a jáde. Tẹlifóònù oníwáyà ayé àtijọ́ kì í gbé ju nǹkan bí 300 sí 3,400 lọ, nítorí náà 100 kò dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àlàfo 100 ló wà láàárín àwọn ìró tí ó kù, láti ara rẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń dá ìró tí ó sọnù padà. Ìró ìsàlẹ̀ yìí gan-an ló ń gbé àmì ohùn èdè Yorùbá. Bí baba kan bá sì sọ lórí irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta kì yóò gbọ́ ọ sí ọkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì kò gba inú wáyà kọjá.