Ọmọ ń mu ògì yó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé ọdún méjì. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ̀ ni mo já a lẹ́nu ọmú, ògì ló sì ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ń yó o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, àmọ́ irun rẹ̀ ń pọ́n, kì í sì í ṣeré mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ó sanra ni.

Ìdáhùn: Kò sanra o, ìyá ọmọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, níbi tí okùn bàtà máa ń gbà, kí ẹ rọra kà dé mẹ́ta kí ẹ tó gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè dìde, omi ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ fi mílíìkì àti ẹyin bọ́ ọ ní àbọ́yó nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá oúnjẹ padà sára irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kwashiorkor ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Dókítà Cicely Williams ló fi orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn oníṣègùn ní 1935, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Gold Coast, Gánà òde òní. Èdè Gá ló ti mú un: àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé.

Ìbéèrè: Ṣé ògì kì í ṣe oúnjẹ ni?

Ìdáhùn: Oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ife náà. Èèrí tí a sì sẹ́ dànù ti kó lára èròjà amúaradàgbà lọ. Ewúrẹ́ ilé ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù gan-an kò pé, torí pé àgbàdo kò ní lysine tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohun tó para pọ̀ di amúaradàgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara kò lè dá a ṣe. Ẹ̀wà ní in dáadáa. Ohun tí ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò sì ní tó, methionine, tí òun náà wà lára ohun tó para pọ̀ di amúaradàgbà, àgbàdo ní in. Ẹ wá rí ìdí tí ògì òun àkàrà fi ń bá ara wọn rìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ìbéèrè: Owó ẹran kò sí ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò di dandan kó jẹ́ ẹran. Bí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ẹ lọ edé gbígbẹ sínú ògì rẹ̀, ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀wà sóyà náà dáa, kí ẹ ṣáà ti yan án jinná kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6 amúaradàgbà. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Èmi ò tíì rí olè tó jẹ́ pé ẹyin ló kọ́ ọ.

Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ọmú nìkan fún oṣù 6, láìfi omi kún un. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí tó fi máa pé ọdún 2, ó kéré tán.