Ẹ̀tanú sí àwọn ẹgbẹ́ aṣe-bí-ológun nínú géèmù ogun

Ẹgbẹ́ aṣe-bí-ológun ni àwọn tó ń gbá géèmù ogun lórí ayélujára, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé oyè, ìlànà àti ọgbọ́n ìjà ikọ̀ ọmọ ogun kan tó wà rí nínú ìtàn. Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hitler, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú. Ẹ̀gàn àti ìfura ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé lọ́wọ́ àwọn agbágéèmù yòókù.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ nínú géèmù Day of Defeat, tó kọ́kọ́ jẹ́ àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ géèmù Half-Life ṣe sí i kí ilé-iṣẹ́ Valve tó ni Half-Life tó gbé e jáde ní 2003. Red Orchestra: Ostfront 41-45 dé ní 2006, Arma 3 ní 2013. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ á fi “Pvt.” (Private, oyè ọmọ ogun tó kéré jù) síwájú orúkọ rẹ̀, á gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, á sì máa pe ọ̀gá rẹ̀ ní “sà”.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí gan-an ni àwọn ará ìta fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ogún ènìyàn lè tò sórí ìlà lójú pápá, kí sájẹ́ǹtì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlejò kan ṣàdédé já wọlé, kó sì ju bọ́ǹbù ọwọ́ sáàárín wọn. Àlejò ní géèmù lòun wá gbá. Lójú ẹgbẹ́, ó ti ba iṣẹ́ alẹ́ náà jẹ́. Wọ́n á lé e kúrò lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń gbá géèmù náà pọ̀, òun náà á sì lọ máa ròyìn kiri pé aláṣejù ni wọ́n, pé wọ́n ń fi oyè tí ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n jẹ ṣe fọ́ńté. Kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́: àwọn ọ̀gá kan wà tí agbára kékeré yìí ń gùn.

Ẹ̀sùn pé wọ́n jẹ́ Násì, ìyẹn ọmọ ẹ̀yìn Hitler, ló wúwo jù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ará Jámánì kí ogun náà tó lè wáyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ikọ̀ Waffen-SS, apá ológun ẹgbẹ́ SS ti àwọn Násì, ni ojú ń tọ̀ jù lọ. Ìfura yìí ní ìdí: ilé ẹjọ́ Nuremberg, tó dájọ́ àwọn aṣáájú Násì lẹ́yìn ogun, kéde SS ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn ní 1946, àwọn agbátẹrù Násì kan sì máa ń fi ìfẹ́ ìtàn bojú. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe fòfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú láàárín ara wọn. Ní Jámánì, òfin ka swastika, àmì àwọn Násì, léèwọ̀. Oṣù kẹjọ 2018 ni USK, àjọ tó ń díwọ̀n ọjọ́ orí fún géèmù, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa yẹ ọ̀rọ̀ géèmù kọ̀ọ̀kan tó ní àmì náà wò lọ́tọ̀.

Ọdún 2018 yẹn náà ni obìnrin kan hàn nínú fídíò ìpolówó Battlefield V, géèmù Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn kan fi ń pariwo pé wọ́n ba ìtàn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ obìnrin jagun náà: ọ̀tá 309 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún Lyudmila Pavlichenko, ayìnbọn ọmọ ogun Soviet. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti dárúkọ òtítọ́ ìtàn, àwáwí ló ń dún létí àwọn mìíràn, ẹgbẹ́ tí kò sì dá sí ariwo náà ń bá wọn jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ti kó sórí server tó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kò sí àlejò tó lè ju bọ́ǹbù mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìta kò rí wọn bí kò ṣe nínú ìròyìn ẹni tí wọ́n lé.