Báàgì gbẹ, lẹ́yìn náà omi tú jáde: kí ló dí ìfun màmá?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ìlú Ìyàrà, nítòsí Kábà ní Kogí, ni mo wà. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi, wọ́n fa ẹnu ìfun kékeré jáde síta ikùn (ileostomy ni dókítà pè é). Látọ̀sẹ̀ tó kọjá, báàgì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti gba ìgbẹ́ lè gbẹ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, inú á máa lọ́ wọn. Tó bá yá, omi lásán á tú jáde. Ṣé kí n ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru?

Ìdáhùn: Má rà á o. Ibi tó ń tan èèyàn jẹ gan-an nìyẹn. Oúnjẹ líle ló ṣeé ṣe kó há sínú ìfun, tí omi nìkan wá ń ráàyè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí òjò ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ pàǹtí inú gọ́tà. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró á tún dí i pa. Má fún wọn ní oògùn ìyàgbẹ́ náà.

Kí ni wọ́n jẹ? Àsìkò àgbàdo tútù la wà yìí, ta ló sì lè lé ìyá àgbà kúrò nídìí iná? Èèpo àgbàdo kì í dà. Ẹ̀pà, kajú, àgbọn, olú àti mángòrò onírun náà ń há. Iyán ò ṣẹ̀ ní tiẹ̀.

Tó bá tún dí, kí wọ́n dá oúnjẹ líle dúró, kí wọ́n máa mu tíì lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún sí àyà, kí o rọra máa fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìfun náà. Tí ẹnu ìfun náà bá wú, gé ihò báàgì fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bì, tí ẹnu ìfun náà bá dúdú, tàbí tí nǹkan kan ò jáde fún bíi wákàtí mẹ́fà tí inú sì ń lọ́ wọn, má fún wọn ní nǹkan kan mu mọ́. Wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Kábà, kódà lóru. Tó bá ń padà wá láìjẹ ohun líle, àpá iṣẹ́ abẹ lè ti fún ìfun mọ́lẹ̀. Dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Bí kò bá sí ìrora ńkọ́, tí ohun tó ń jáde sínú báàgì kàn kéré tó sì ki?

Ìdáhùn: Wo ìtọ̀ wọn. Tó bá kéré, tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi ara ló ń tán. Ohun tó ń jáde lójúmọ́ sábà máa ń tó 500 sí 1,000 mílílítà, bíi píọ̀ wọ́tà kan sí méjì, iyọ̀ ara sì ń bá a jáde. Nítorí náà omi lásán nìkan ò tó: po ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún wọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.